Ẹ̀bùn Àlejò Nílé-iṣẹ́ Àká

Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi: "Fadékẹ́mi, Àká náà ń bá èèyàn tọ́jú àkọsílẹ̀ bíi tiwa, wọ́n sì ń bá wa du oníbàárà. Lọ wo nǹkan tuntun tí wọ́n ní. Ojú lásán ni kó o fi wò ó o, má fọwọ́ kan nǹkankan."

Mi ò fọwọ́ kan nǹkankan lóòótọ́, àfi káàdì àlejò tí wọ́n fi kọ́ mi lọ́rùn lẹ́nu ọ̀nà.

Nínú gbọ̀ngàn, mi ò rí ẹ̀rọ kankan. Èèyàn ni wọ́n tò sórí àga, tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ báńkì àti ti ọsíbítù sínú ọpọlọ wọn. Bàbá kan ń ka àìsàn àwọn ẹlòmíì sílẹ̀ láìkọsẹ̀.

"Sà, kí lorúkọ ìyá yín?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyẹn ò sí nínú ẹrù mi."

Bí mo ṣe ń jáde, ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ̀bùn yín ti wọ ọpọlọ yín, mà. Káàdì ọrùn yín ló gbé e wọlé. Ẹrù díẹ̀ ni, ẹ fi tọ́ ọ wò. Ohun kékeré kan péré la yọ, kí àyè lè gbà á."

Mo já káàdì náà sọnù, mo sáré wọ mọ́tò. Mo pe orúkọ àwọn ọmọ mi, ó pé. Mo ki oríkì ìyá mi, kò sọnù. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Fóònù mi dún. "Olówó-orí Mi" ló hàn lójú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ọkùnrin kan. Mi ò rí i rí.

"Ẹ gbé e, mà," Kàmọ́rù dírẹ́bà mi wí. "Ọkọ yín ni. Wọ́n á ti máa retí yín nílé."

Mo da ojú fóònù náà délẹ̀. "Kàmọ́rù, jọ̀ọ́, má tíì gbé mi lọ sílé."