Ilé Alẹnkí Tó Mú Olè

Máfọwọ́kàn-án ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn nìyẹn, nítorí kò sí ohun tí ènìyàn lè gbé níbẹ̀ tí kò ní lọgun pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Èyí tó ń dùn ún jù ni ọ̀rọ̀ alẹnkí, àwọn irin tó tẹ̀ lọ́rùn, tí wọ́n fi ń tú súkúrúù tí ihò orí rẹ̀ ní igun mẹ́fà. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tó ti rà wọ́n, ńlá àti kékeré, inú agolo kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbé. Tó bá ti wá ọ̀kan tí kò tètè rí i, olè ti jà nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń jà mí lólè o," yóò sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́.

"Àna mi, ẹ tún inú agolo yẹn wò dáadáa," ni ẹ̀gbọ́n máa ń fèsì. Yóò bá a wá a, wọn yóò sì rí i.

Ìyàwó ọ̀gá ló ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà láti dán ẹ̀rọ tí wọ́n bá tún ṣe wò. Tiẹ̀ ni kó máa rẹ́rìn-ín sínú.

Nígbà tó yá, ọ̀gá ní òun á ra ilé fún àwọn alẹnkí òun. Ó ránṣẹ́ sí oníṣòwò irinṣẹ́, ìyẹn sì ru páálí kan wá tí oríṣiríṣi ohun tí wọ́n ń to alẹnkí sí kún inú ẹ̀. Ẹni tó bá rí ọ̀gá lọ́jọ́ náà á rò pé ìyàwó ló ń fẹ́. Ó gbé olórùka, ó ní wọn ó máa dìrọ̀ bí àdán. Ó gbé èyí tó ń ká bí ọ̀bẹ, ó ní ojú ẹ̀ jọ ojú ọ̀dàlẹ̀. Ó gbé alápò awọ, ó gbóòórùn ẹ̀, ó jù ú nù. Èyí tó wá wù ú ni pátákó ike pupa kan tí wọ́n dá ihò sí lára, láti orí èyí tí abẹ́rẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máà gba ibẹ̀ kọjá, títí dé gbàgàdà kan lókè pátápátá.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn yín," ni oníṣòwò wí.

"Hàn ta ni? Kí ìyá ẹ tó mọ bàbá ẹ ni mo ti ń fọwọ́ mú irin!"

Oníṣòwò gbowó ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ọ̀gá tẹ́ pátákó náà sórí tábìlì ara rẹ̀, níbi tí ojú rẹ̀ á ti máa tó o. Ó da inú agolo sílẹ̀, ó ń ki alẹnkí kọ̀ọ̀kan bọ ihò tó gbà á. Gbogbo ihò kún, ó ku ti òkè. Ó dojú agolo délẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Inú rẹ̀ wá dùn bí ẹni tí wọ́n dá láre ní kóòtù.

"Ẹ ò rí i? Ẹ ní orí mi ti dàrú, àbí? Alẹnkí ti òkè yìí dà?"

Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ tábìlì, ó wò ó títí. "Àna mi, nínú gbogbo ẹ̀rọ tó ti wọ ṣọ́ọ̀bù yìí, mi ò rí súkúrúù tó gba irin tó nípọn tó báyìí rí."

"Ìdí tí olè fi mú un nìyẹn! Ó mọ̀ pé mi ò ní tètè wá a. Ta ló ń gbé àpò irinṣẹ́ jáde lọ sílé àwọn oníbàárà?"

Àwọn òṣìṣẹ́ yíjú sí ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló ń gbé e.

"Ṣé èmi lẹ wá ń pè lólè?"

"Mi ò dárúkọ ẹnì kankan. Ihò ló ń sọ̀rọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ dìde nídìí ẹ̀rọ. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà mí lé yín lọ́wọ́ lẹ ń bá wí yìí. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò gbé ẹ̀rọ wá síbí, ta ló ń bá yín jókòó? Tó bá fi ibí sílẹ̀, èmi náà ò ní dúró o."

"Ẹ̀rí rèé níwájú rẹ," ni ọ̀gá wí, ó nàka sí ihò náà. "Kí lo tún fẹ́ rí?"

Omi lé ròrò sójú ẹ̀gbọ́n. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a, ó fi sórí àga. "Orúkọ rere ni mo ní lọ́kàn láti fi sílẹ̀ fáwọn ọmọ mi," ó ní. "Ẹ ti bá mi bà á jẹ́." Ó jáde. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìyàwó ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá ò yí ohùn padà. Ó lọ bá àwọn tó ń tún katakata ṣe, ó ra alẹnkí tó nípọn bí ìka lọ́wọ́ wọn, ó kì í bọ ihò òkè. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. "Mo wí bẹ́ẹ̀ àbí mi ò wí bẹ́ẹ̀?" ó bi àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Láti ìgbà náà, alẹnkí kankan ò sọnù mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kan pátákó náà. Tiwọn ni àwọn òṣìṣẹ́ tó kù ń mú bọ̀ látilé. Ọ̀gá ń fi búrẹ́dì gbígbẹ ṣoúnjẹ alẹ́. Àárò ìyàwó rẹ̀ ń sọ ọ́ gidigidi, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní torí ọbẹ̀ ta òdodo.

Ó wá ku àpò irinṣẹ́ tí wọ́n ń gbé lọ sílé àwọn oníbàárà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń gbé e báyìí, ó sì fẹ́ kí àpò náà ní ilé alẹnkí tiẹ̀. Ó mú ọ̀nà ilé ìtajà oníṣòwò pọ̀n, ibi tí kò dé rí.

"Ọ̀gá, ṣé ìjà lẹ bá wá?"

"Ìjà kẹ̀? Ọpẹ́ ni mo wá dá. Ọjà rẹ yìí gbọ́n ju ọlọ́pàá lọ! Ọjọ́ tí mo rà á gan-an ló bá mi mú olè, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi pàápàá. Mú irú ẹ̀ wá ná, màá sọ bó ṣe mú un fún ọ."

"Háà, ẹ kú ewu o! Ẹ wo ara ògiri lẹ́yìn mi níbí, ẹ mú èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá wù yín."

Ọ̀gá gbójú sókè: ilé alẹnkí pupa, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ aró, wọ́n tò lọ rẹrẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kún fún alẹnkí láìku ẹyọ kan, ihò gbàgàdà òkè wọn sì ni wọ́n fi so wọ́n kọ́ sórí ìṣó.