Ó Dá Mi Lójú

Ọ̀rọ̀ kan ló dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀.

Dókítà obìnrin kan ló máa ń yẹ ara àwọn tó sá kúrò nílùú wọn wò, tó sì máa ń kọ ohun tó bá rí ránṣẹ́ sí kóòtù. Iṣẹ́ náà kò lọ́jú pọ̀. Dókítà á wo àpá, á sì kọ ọ́ pé ó jọ ohun tí olúwarẹ̀ sọ. Wọn kì í kọ "ó dá mi lójú," torí kò sí dókítà tó wà níbẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkùnrin kan tó ti ṣe káfíńtà rí bọ́ ẹ̀wù níwájú rẹ̀. Àpá kan là á lẹ́yìn láti èjìká wá sísàlẹ̀. Dókítà, tó máa ń fi àwàdà mú ara tu aláìsàn, kò sọ nǹkan kan. Ó fọwọ́ júwe fún nọ́ọ̀sì pé kó máa bá òun bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ̀yin tí ẹnu yín kì í sinmi? Àbí eyín ló ń dùn yín?"

Dókítà kàn mi orí. Ọkùnrin náà ṣàlàyé pé ẹ̀ṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ló fi irin ya òun lẹ́yìn. Wọ́n mú ẹnì kan wá láti rán an, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi aṣọ di òun lójú. Ohùn onítọ̀hún nìkan lòun gbọ́, tó ń ní kí òun rọ́jú, ó ku díẹ̀. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú ìrán mọ́kànlá ni, àti pé òwú ìránṣọ ni wọ́n lò. Nọ́ọ̀sì tó ń fìka ka ojú ìrán náà kò tíì dé márùn-ún.

Nísàlẹ̀ ìwé náà, dókítà kọ ọ́ gàdàgbà pé ó dá òun lójú.

Ọ̀gá ilé ìwòsàn ránṣẹ́ pè é. Ó ní oṣù yìí gan-an ni ìjọba fẹ́ dá ọkùnrin náà padà, ìwé yìí nìkan ló sì lè gbà á sílẹ̀, kó má ṣe bà á jẹ́.

"Wọ́n á dójú tì yín ní kóòtù. Ẹ sì rántí pé ìwé ìgbélùú tiyín náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ 'ó jọ,' ká sinmi."

"Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kọ 'ó jọ,' sà. Wọ́n sì ń dá wọn padà. Mi ò ní yọ ọ́."

Ọ̀gá bẹ̀bẹ̀ títí, dókítà fàáké kọ́rí. Inú ń bí i, kò sì fi pa mọ́. Gbàgà ló pa ilẹ̀kùn dé nígbà tó ń jáde.

Ní kóòtù, lọ́yà ìjọba ti ń rẹ́rìn-ín kó tó dìde. Ó ní káfíńtà lè jábọ́ látorí àjà sórí ayùn, ta ni ò sì ní òwú ìránṣọ nílé? Wọ́n ní kí dókítà búra. Bó ṣe la ẹnu báyìí, ọkùnrin náà gbé orí sókè, ó sì di àga mú.

"Dókítà," ni lọ́yà wí, "ẹ ò sí níbẹ̀. Báwo ló ṣe wá dá yín lójú?"

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò wo lọ́yà, kò wo adájọ́. Ọkùnrin náà ló ń wò.

"Mo wà níbẹ̀," ló wí, "èmi ni mo rán an, torí wọ́n ní kí n tún un ṣe kí wọ́n lè máa nà án lọ."