Orúkọ Inú Orin

Akọrin kan bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó já lu àwọn obìnrin tó ń jó tẹ̀lé pósí ìyá àgbà kan ní Ìkòyí-Ilé.

“Ẹ̀yin olè! Ta ló fún yín lórin mi? Èmi ni mo kọ ọ́ nígbà tí ìyá mi kú léṣìí. Ẹ tún yọ orúkọ rẹ̀ kúrò!”

“Ìwọ kẹ̀?” Ìyá tó ń lé orin rẹ́rìn-ín. “Orin àwọn ìyá ńlá wa! Ojú ò tì ọ́? Orúkọ ìyá oníkálukú là ń fi síbẹ̀. Kí lorúkọ ìyá tìẹ?”

“Ṣàngódùnní!” ló fi ìbínú jágbe.

Wọ́n gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì ń fi kọrin lọ sí ibojì. Òun nìkan ni kò lè gbè é.