Fun Oko

“Bàbá, ‘Fun oko’ ni wọ́n tẹ̀ sára orin yìí, kò lámì lórí, kò lámì nísàlẹ̀. Ṣé kí n kó o mọ́ àwọn yòókù?”

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń béèrè. Ó ń kó àwọn orin inú fóònù olóògbé, ìyàwó baálé, sínú ẹ̀rọ orin tuntun tó gbé kalẹ̀ ní pálọ̀.

Orí baálé gbóná. “Ṣé oko tí ejò ti bu ìyàwó mi ṣán tó fi kú? Pa á rẹ́ níbi gbogbo!”

“Ẹ jẹ́ ká gbọ́ díẹ̀ ná.” Oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti fọwọ́ kan orúkọ orin náà kí ẹ̀rọ lè kọ ọ́.

“Mo ní o pa á rẹ́!”

Ó pa á rẹ́ níbi gbogbo, kò ku ibì kan. Orúkọ orin náà pòórá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti gbé e sẹ́nu, ó sì kọ ọ́ dé òpin. Ohùn olóògbé gba gbogbo pálọ̀ kan: “Ọkọ mi, olówó orí mi...”

Baálé gbá ẹ̀rọ mọ́ra títí orin náà fi parí.

“Jọ̀ọ́, ọmọ mi, jẹ́ kó tún un kọ.”

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ kò lè gbójú sókè.