Ilé Kan Nínú Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Iṣẹ́ Leland Marchand ni kí ó máa fi ẹ̀rọ ìṣirò wọn bí ibùgbé èèyàn dúdú àti ti èèyàn funfun ṣe jìnnà síra nínú ìlú Chicago. Ìwé ìkànìyàn ọdún 1950 ni yunifásítì tó gbà á síṣẹ́ fi ń ṣe é. Òpópónà kan lẹ́yìn òmíràn, Leland á tẹ iye ilé funfun, á tẹ iye ilé dúdú, á sì gbé èsì fún ọ̀gá rẹ̀ nírọ̀lẹ́: nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn dúdú, mélòó ló gbọ́dọ̀ kó kúrò níbi tó wà kí ìlú tó dàpọ̀ dọ́gba? Èsì náà kì í dín ní àádọ́rùn-ún. Inú Leland kì í dùn sí i, kì í sì í bínú sí i. Iṣẹ́ ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta, iṣẹ́ dé orí òpópónà tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Funfun, ọgbọ̀n. Dúdú, ẹyọ kan.

Ó tún un wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni òun àti ìyá rẹ̀ ti ń gbé níbẹ̀, kò sì sí ilé tí wọn kò mọ onílé.

Ìdí oúnjẹ alẹ́ ló ti sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Màmá Odile ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Láti New Orleans ló ti fi ọkọ̀ ojú irin gbé Leland wá nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Ẹbí kankan kò bẹ̀ wọ́n wò rí láti ìgbà náà.

"Ṣé ìwé yẹn sọ ilé tó jẹ́?"

"Rárá, Màmá. Iye nìkan ni wọ́n ń fún wa. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó kà á ló ṣàṣìṣe."

"Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Má sọ ọ́ síta."

Ó sọ ọ́ síta. Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti Ọ̀gbẹ́ni Dombrowski, aládùúgbò wọn, jọ ń mu bíà níwájú ilé, ọ̀rọ̀ náà sì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Dombrowski gbé ìgò kalẹ̀. "Ilé èwo?"

"Mi ò mọ̀, sà. Àṣìṣe lè ni."

"Àṣìṣe kẹ̀! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ níwájú iná tí wọ́n fi ń yọ́ irin kí n tó ní ilé yìí. Tí dúdú kan bá ti wọlé, owó pọ́ọ́kú la máa ta gbogbo ilé wa." Ó ń wo òdìkejì títì. "Kallinis tó ń ran bàtà ńkọ́? O ò rí bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí?"

"Gíríìkì ni wọ́n."

"Òun ló fẹnu ara ẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀."

Leland mu bíà rẹ̀.

Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó gbé bàtà lọ fún Kallinis mọ́. Wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀ burúkú sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọkùnrin náà mú ìwé ìrìbọmi rẹ̀ jáde, ó ń gbé e kiri láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á! Ẹ wo orúkọ bàbá mi!" Wọn ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá Odile nìkan ló sọdá títì. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ dání, ó sì jókòó ti ìyàwó Kallinis di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó padà dé, ó pe Leland.

"Lọ bá Dombrowski. Sọ fún un pé kì í ṣe ọkùnrin yẹn."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀, Màmá?"

Ìyá wò ó títí. Ó yí padà, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí àwọn Kallinis ti ń jẹun ọ̀sán, bíríkì kan gba ojú fèrèsé wọlé. Gíláàsì ya ìpéǹpéjú ọmọbìnrin wọn kékeré. Nígbà tó fi di ọjọ́ Sátidé, ọkọ̀ akẹ́rù ti dé ẹnu ọ̀nà. Kallinis fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ ìránbàtà rẹ̀ sínú ọkọ̀; kò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni Leland dúró sí títí ọkọ̀ náà fi yà ní kọ̀rọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Dombrowski wọlé, ó gbé sọ́séèjì tí wọ́n fi bébà wé sórí tábìlì.

"Ti ìyá rẹ àti tìrẹ ni. Ọlọ́run ló fi ẹ́ síbi iṣẹ́ yẹn, Leland. Ojú wa ì bá là sílẹ̀ kí wọ́n gba àdúgbò mọ́ wa lọ́wọ́." Ó gbá a léjìká, ó sì lọ.

Leland kò lè fọwọ́ kan ẹran náà. "Ó ti parí, Màmá," ló wí. "Ó lè jẹ́ pé Kallinis ni lóòótọ́."

Màmá Odile ti ilẹ̀kùn, ó jókòó síwájú ọmọ rẹ̀, ó ní: "Ilé yìí ni, ibi iṣẹ́ lo wà nígbà tí obìnrin tó ń ka èèyàn dé, ó wo ojú mi, ó kọ 'funfun', èmi ni mo ní kó pa á rẹ́, kó kọ 'dúdú', torí ẹrú dúdú ni ìyá tó bí bàbá rẹ, ẹrú ni ìyá tó bí èmi náà, mo sì fẹ́ kí ìwé kan sọ ẹni tí a jẹ́ kí n tó kú."