Ibùsùn Tí Wọ́n Rà fún Ligia

Ìyá àgbà fi àdá gé ọmọ bíbí inú rẹ̀ ní ìka nítorí ibùsùn.

Ligia, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ní ọ̀tísíìmù, kì í sùn àfi nínú àwọ̀n tí wọ́n so kọ́ sáàárín ògiri méjì, tó ń fún un mọ́ra yíká. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Fermín bàbá rẹ̀ gbé ibùsùn onígi dé láti ìlú Mérida. Ligia kọ̀. Ó gé bàbá jẹ, ó ń forí gbá ògiri. Bàbá fi okùn dè é mọ́ ibùsùn.

"Fermín, tú ọmọ yẹn sílẹ̀!"

"Ó ti di ọmọge, Màmá. Ẹ jẹ́ kó sùn bí ọmọ èèyàn gidi."

"Ṣé orí ibùsùn ni mo bí ọ sí? Inú àwọ̀n ni, aláìmoore!"

Ìyá àgbà gbé àdá, ó gé okùn ọwọ́ kan já. Nígbà tí àdá tún gbéra láti gé ìyókù, Fermín na ọwọ́ láti gbà á. Ìka mẹ́ta já bọ́ sórí ibùsùn tuntun.

Kí ẹ̀jẹ̀ tó dá, Ligia ti sùn lọ nínú àwọ̀n rẹ̀. Fermín fúnra rẹ̀ ló hun ún. Iṣẹ́ tó fi ń bọ́ gbogbo wọn nìyẹn. Kò hun òmíràn mọ́.