Táńkì Pupa Orí Òrùlé

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àgbà àti ọ̀dọ́, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí dé òpin, nítorí mo ní ìbéèrè kan láti bi yín.

Sàídátù ń tọ́jú aláìsàn kan tí ń jẹ́ Adrian ní Thamesmead Moorings, ní ìlú Òyìnbó. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni ọkùnrin náà. Àìsàn iṣan ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ti ń dé ọwọ́. Kò sí àwòrán kankan lára ògiri rẹ̀. Nígbà tí Sàídátù béèrè iṣẹ́ tí ó ṣe rí, Natasha ọmọ rẹ̀ ni ó dáhùn pé, "Ìjọba ni bàbá mi bá ṣiṣẹ́," ó sì yí ọ̀rọ̀ padà. Bí ọkọ̀ òfurufú tí ń lọ sí pápákọ̀ òdìkejì odò bá kọjá, Adrian a gbójú sókè, a máa ka ení, èjì, títí ìró rẹ̀ yóò fi lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí àwòrán tí ó wà lójú fóònù Sàídátù. Ọkùnrin kan dúró lórí òrùlé pẹrẹsẹ, láàárín táńkì omi pupa méjì, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ta nìyí?"

"Ọkọ mi ni, sà. Sùlèímọ́nù. Líbíyà ni ó ti ya fọ́tò yẹn."

Kí ó tó pa ẹnu dé, ó ti mọ̀ pé òun ti ṣìṣe. Iṣẹ́ táìlì ni Sùlèímọ́nù bá lọ sí Líbíyà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2011, nígbà tí ọkọ̀ ogun òfurufú orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń ju bọ́ǹbù síbẹ̀, fóònù rẹ̀ dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò rí òkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ejẹ́ǹtì tí ó bá Sàídátù kọ fọ́ọ̀mù físà ní kí ó má dárúkọ Líbíyà rárá. Nínú fọ́ọ̀mù náà, ibà ni ó pa Sùlèímọ́nù ní Ṣakí, ní oṣù Kẹta ọdún náà. Físà òun àti Kàfí, ọmọbìnrin rẹ̀, kò ní pẹ́ parí. Bí irọ́ náà bá tú, àwọn méjèèjì yóò padà sílé.

Adrian gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Ilé yẹn, ṣé kò sí lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì? Ṣé igi ọ̀pẹ mẹ́ta kò sí ní àgbàlá rẹ̀?"

"Ẹ ti dé ibẹ̀ rí ni, sà?"

"Ẹsẹ̀ mi kò tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ rí."

Sàídátù dán an wò. "Àwọ̀ wo ni ilẹ̀kùn ilé náà?"

"N kò mọ̀."

Ní ọjọ́ Sátidé, Sàídátù sọ gbogbo rẹ̀ fún Àǹtí Idiat, tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú, bí wọ́n ti ń rìn lọ ní Powis Street.

"Ó mọ igi ọ̀pẹ, kò mọ ilẹ̀kùn? Fáìlì ìjọba ni ó ń kà! Òyìnbó tí kì í rántí ibi tí ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sí!"

"Àǹtí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ó ń béèrè."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Home Office tí ń fúnni ní físà ṣe ń béèrè. Ohun tí ó wà nínú fọ́ọ̀mù ni kí o kà sí i létí bí ọmọ iléèwé. Má fi ẹyọ kan kún un. Àbí o fẹ́ fi ẹnu ara rẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó?"

Ní ọjọ́ Túsìdeè, Natasha wà níbẹ̀ nígbà tí Adrian tún béèrè.

"Ní oṣù Kẹfà, ṣé ó ṣì wà nínú ilé yẹn?"

"Rárá, sà. Ó ti padà sílé. Ṣakí ni ó kú sí ní oṣù Kẹta, ibà ni."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

Èyí kò sí nínú fọ́ọ̀mù. "Gbogbo wọn ti kó jáde ní oṣù Kejì, sà. Ilé náà ṣófo."

Adrian di ojú rẹ̀. "Ṣé o lè fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí?"

Sàídátù rí i pé bí òun bá kọ̀, ìfura ni. Natasha kọ ọ́ sílẹ̀. Sàídátù fọwọ́ sí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Adrian jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Ọkọ̀ òfurufú mẹ́ta kọjá, kò kà wọ́n. Ó ti sùn.

Láti ìgbà náà ni Sàídátù ti ń retí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ Home Office. Ó kó ìwé Kàfí sínú àpò kan, ó gbé e sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, wọ́n fún wọn ní físà tuntun.

"Mo wí àbí n kò wí?" ni Àǹtí Idiat sọ lórí fóònù.

Adrian kú ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Natasha fún Sàídátù ní àpòòwé kan tí wọ́n lẹ̀ pa. "Ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Jọ̀wọ́, wá sọ fún wa níbi ìsìnkú ohun tí o ṣe tí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀."

Inú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ni ó ti ṣí i, ó sì kà á pé: "Sàídátù, láti òfurufú ni mo ti rí òrùlé yẹn, èmi ni mo sì ju bọ́ǹbù tí ó wó ilé náà ní oṣù Kẹfà, mo ti kọ ìwé sí ìjọba pé kí wọ́n gbẹ́ abẹ́ àwókù rẹ̀, kí wọ́n kó òkú tí wọ́n bá rí fún àwọn ẹbí wọn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí o fọwọ́ sí i pé ilé náà ṣófo, mo fa ìwé náà ya."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni kí Sàídátù wí fún Natasha, kí ni kí ó sì wí fún Kàfí?